Asọ̀rọ̀mágbèsì Gbọ́dọ̀ Gba Èsì

Àwọn olùkọ́ kan wà ní agbègbè wa yìí, láti Ore títí dé Odigbo, tí wọ́n gbà pé ìwé nìkan ni ẹ̀kọ́. Lójú tiwọn, eré orí rédíò jẹ́ fàájì fún àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀, sinimá sì jẹ́ ohun tí ó ń ba ọmọ jẹ́. Bí ọmọ bá di ìwé mú, wọn a ní ó ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá tẹ́ etí sí rédíò, wọn a ní ó ń fi àkókò ṣòfò. Àwa kò gba èyí, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìfi epo bọ iyọ̀, nítorí pé àṣìṣe náà ti mú kí àwa ará Ore pàdánù ohun tí owó kò lè rà padà, àdánù náà kò sì tíì dúró.

A ó fi iṣẹ́ ọkùnrin kan ṣe ẹ̀rí wa, ẹni tí gbogbo yín mọ orúkọ rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò sì mọ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni. (Bí a bá ń pe irú àgbà bẹ́ẹ̀ ní "ó" nínú àròkọ yìí, ìlànà ìwé ni a tẹ̀ lé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà á sí àfojúdi.) Ọmọ olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ ni, gẹ́gẹ́ bí púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Abẹ́òkúta ni a ti bí i ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 1934. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá àgbà ilé-ìwé St. Peter ní Aké, inú ọgbà ìjọ ni ó sì dàgbà sí. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ èyíkéyìí ní Ore pé kín ni ọkùnrin yìí ṣe, yóò dá yín lóhùn pé ó kọ The Lion and the Jewel, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Ó tán. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọmọ náà pé rédíò wà lára àwọn ibi tí ohùn ọkùnrin yìí ti kọ́kọ́ jáde sí ìlú.

Ní oṣù keje ọdún 1954, nígbà tí kò tíì ju ọmọ 20 ọdún lọ, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-ẹ̀kọ́ Gíga ti Ìbàdàn, Nigerian Broadcasting Service gbé eré kékeré kan tí ó kọ, Keffi's Birthday Treat, sórí afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà wá sí ilé ní 1960, ọdún tí a gba òmìnira. Ní ọdún kan náà ni a gbọ́ Camwood on the Leaves lórí rédíò, tí a sì wo My Father's Burden lórí WNTV ní Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ó di ọdún 1973 kí a tó tẹ Camwood on the Leaves ní ìwé, èyí tí í ṣe ọdún 13 lẹ́yìn tí etí ti gbọ́ ọ. Kí ẹni tí ó ní ìwé nìkan ni ẹ̀kọ́ dá wa lóhùn: ní gbogbo ọdún 13 wọ̀nyẹn, ṣé eré náà kò tíì jẹ́ ohun ẹ̀kọ́ ni? Àbí inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ọgbọ́n ti wá bá a?

Eré rédíò kò rọrùn bí àwọn tí kò kọ ọ́ rí ti ń rò. Lórí ìtàgé, òṣèré lè fi ojú sọ̀rọ̀, aṣọ rẹ̀ lè sọ ipò rẹ̀, a sì lè ya ààfin sí ara ògiri. Rédíò kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Bí ọba bá wọlé tí kò sọ̀rọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì kí i, kò sí ọba níbẹ̀. Ohùn ni yóò ṣe iṣẹ́ gbogbo. Ìró ẹsẹ̀ lórí ewé gbígbẹ ni yóò sọ fún wa pé inú igbó ni a wà. Bí ìlẹ̀kùn ti pa dé ni yóò sọ fún wa bóyá ẹni tí ó jáde ń bínú tàbí ó ń yọ́ kẹ́lẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pàápàá gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀, nítorí pé bí ó bá pẹ́ jù, olùgbọ́ yóò rò pé bátìrì ti kú. Ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ yìí ti kọ́ ọ bí a ti í wọn ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ àròkọ tí a ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì wa ì bá sàn ju bí wọ́n ti rí lọ, bí a bá ní kí wọ́n kọ wọ́n fún ẹni tí ó di ojú rẹ̀. Èyí kì í sì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Alẹ́ ni a ń pa àlọ́, nínú òkùnkùn, láìsí àwòrán kankan, kò sì sí ọmọ tí ó sọ pé òun kò rí Ìjàpá. Ẹ̀yin ará ìjọ sì mọ̀ pé etí ni Pọ́ọ̀lù fi ṣe ẹnu ọ̀nà ìgbàgbọ́ nígbà tí ó ń kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù.

Àwọn kan yóò ní: "Ṣùgbọ́n eré tí ẹ ń yìn yìí, àlùfáà ni ó tàbùkù sí." A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí, a kò sì fẹ́ sá fún un. Òtítọ́ ni pé Àlùfáà Erinjobi àti ọmọ rẹ̀ Ìṣọ̀lá ni ó wà ní àárín Camwood on the Leaves. Ọmọ ṣẹ̀; bàbá fi ìbínú olódodo lé e; ọmọ wọ inú igbó lọ; ìbọn ni ó sì parí ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Ta ni ó dàgbà nínú ilé ìjọ tí kò mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀? Bíbélì kò fi ìtìjú ilé Élì pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò bo ọ̀rọ̀ Dáfídì àti Ábúsálómù mọ́lẹ̀. Bí ilé-ìwé ìjọ kò bá lè gbọ́ eré nípa àlùfáà tí ó ṣì ọmọ rẹ̀ tọ́, níbo ni ó yẹ kí a ti gbọ́ ọ?

Kò fi rédíò sílẹ̀ nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn. BBC gbé The Detainee jáde ní 1965, ó sì gbé A Scourge of Hyacinths jáde ní 1991. Nínú èyí tí ó kẹ́yìn yìí, ẹlẹ́wọ̀n kan fẹ́ gba ojú omi sá lọ, ṣùgbọ́n koríko orí omi ti dí ọ̀nà ọkọ̀ pátápátá. Àwọn ará Ìlàjẹ tí wọ́n ń gbé ẹja wá sí ọjà wa kò ní béèrè ìtumọ̀ koríko yẹn, nítorí pé ó ti dí ọ̀nà ọkọ̀ tiwọn náà rí. Ohun tí ó wà lábẹ́ eré náà kì í ṣe àròsọ: ní 1985, ìjọba ológun yìnbọn pa àwọn ọkùnrin mẹ́ta nítorí oògùn olóró, nípa òfin tí a ṣe lẹ́yìn tí ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n. Nínú eré rédíò ni Ṣóyínká ti kọ́kọ́ bi ìjọba léèrè ọ̀rọ̀ náà, kí ó tó sọ ọ́ di eré orí ìtàgé, From Zia with Love, ní 1992.

Ní ti sinimá, a kì yóò pọ́n ọn ju bí ó ti yẹ lọ. Culture in Transition jáde ní 1963, sinimá tí kì í ṣe àròsọ lásán, tí ó fi àwọn ènìyàn wa àti àṣà wa hàn ní àkókò tí ayé àtijọ́ àti ayé òde òní ń fa wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún; apá kan eré rẹ̀ The Strong Breed wà nínú rẹ̀. Ní 1970, Ossie Davis ará Amẹ́ríkà darí Kongi's Harvest, Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sì ṣe Kongi. Inú òǹkọ̀wé náà kò dùn sí bí a ti ṣe é, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1984 ó darí Blues for a Prodigal, àwọn agbófinró sì gbẹ́sẹ̀ lé e. Bí a bá ní kí a fi òdodo wọ̀n ọ́n, sinimá rẹ̀ kò tó eré rédíò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìjọba tí ó fi ìwé sílẹ̀ lórí àtẹ àwọn olùtàwé lọ gbẹ́sẹ̀ lé sinimá. Ìjọba mọ ohun tí àwọn olùkọ́ wa kò mọ̀: pé ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò lè ka ìwé yóò lóye àwòrán.

Orúkọ tí Yorùbá sọ rédíò, asọ̀rọ̀mágbèsì, jẹ́ orúkọ tí ó gbọ́n púpọ̀. Ó ń bá wa sọ̀rọ̀, a kò lè bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí ó bá wu ẹni tí ó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ ni yóò sọ, a ó sì gbọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, lẹ́yìn ìdìbò Western Region tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé màgòmágó kún inú rẹ̀, àwọn ará ìlú ń dúró de ohùn Olórí Ìjọba, S. L. Akíntọ́lá, lórí rédíò Ìbàdàn. Ohùn mìíràn ni wọ́n gbọ́, tí ó ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò. A fi ẹ̀sùn kan Ṣóyínká pé òun ni ó gbé ìbọn wọ ilé iṣẹ́ rédíò láti pààrọ̀ téèpù. Ó jẹ́jọ́, Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ sì dá a sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún náà. Nínú ìwé ìrántí rẹ̀ tí ó jáde ní 2006, òun fúnra rẹ̀ ti ròyìn ọ̀rọ̀ náà. Àwa kò kọ́ ọmọ ilé-ìwé láti gbé ìbọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí kọ́ wa lọ́rùn. Ohun tí a ń sọ ni pé ọkùnrin yìí kò gbà láti ìgbà èwe rẹ̀ pé kí ẹnìkan máa sọ̀rọ̀ kí a má sì dá a lóhùn. Ní 1996, nígbà ìjọba Abacha, ó tún wà lára àwọn tí wọ́n gbé Radio Kudirat dìde láti ilẹ̀ òkèèrè, kí èsì lè dé etí àwọn tí wọ́n wà nílé. Rédíò kan náà, àárín rẹ̀ sì jẹ́ ọdún 31.

Nísinsìnyí a dé orí ọ̀rọ̀ tiwa ní Ore.

Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1967. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Biafra, tí Victor Banjo ọmọ Yorùbá ṣe olórí wọn, rékọjá odò Ọya wọ Mid-West. Wọ́n gba Benin, wọ́n sì kọjú sí ọ̀nà Èkó. Ore ni ìrìn náà ti dúró. Ní ìlú wa yìí ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dí wọn lọ́nà, tí ogun náà sì yí padà. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án, Benin ti padà sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Kí oṣù náà tó parí, àwọn tí Banjo ń jà fún ti yìnbọn pa á ní Enugu.

Ṣóyínká wà nínú ìtàn yẹn. Ní oṣù kẹjọ kan náà ó lọ sí Enugu, ó rí Ojukwu àti Banjo, ó ń wá ọ̀nà tí ogun yóò fi dáwọ́ dúró. Nígbà tí ó padà dé, ó jẹ́ iṣẹ́ Banjo fún Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí ó jẹ́ olórí ogun ní Ìbàdàn. Ìjọba mú un. Ó wà ní àtìmọ́lé títí di oṣù kẹwàá ọdún 1969, a sì fi òun nìkan sí yàrá fún ọ̀pọ̀ nínú àkókò náà. Ṣóyínká ti kọ ìwé tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, Ọbásanjọ́ ti kọ tirẹ̀, ẹnu wọn kò sì kò. Ìyẹn kò yà wá lẹ́nu, nítorí pé bí àgbà méjì bá jọ rí ejò, gígùn rẹ̀ kì í dọ́gba lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń yan ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìkóríta Ore ní ọjọ́ tí ìbọn dún, ta ni ó bi í léèrè? Àgbẹ̀ kòkó tí ó kó ọmọ rẹ̀ sínú igbó Olúwà, ta ni ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀? Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá bẹ́ǹṣì rẹ̀ lábẹ́ àwókù ògiri nígbà tí ó padà dé, ìwé wo ni ó wà?

Ohun tí ayé mọ̀ nípa wa ni ọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Bí tọkọtaya bá jà, bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì bá wọ̀yá ìjà, bí àwọn olóṣèlú bá ju àga lu ara wọn, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá a ní: "Ó le kú, ìjà Ore!" Wọn a sì rẹ́rìn-ín. Ibi tí àwọn ọmọ Yorùbá, ọmọ Igbo, ọmọ Hausa àti ọmọ Tiv ti kú tí a kò sì mọ orúkọ wọn, ó ti di ẹ̀fẹ̀. Àwọn ọmọ wa pàápàá ń sọ ọ́ ní pápá ìṣeré. A ti bi kíláàsì kan léèrè pé ìjà wo ni. Ọmọ kan ní ìjà àwọn awakọ̀ ni. A kò lè bá ọmọ náà wí. Ọ̀nà Ore sí Benin ti gbé ènìyàn jẹ tó bẹ́ẹ̀ tí kò burú bí ó bá rò bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tí wọn kò sọ fún un ni a ń bá wí. Èyí ni asọ̀rọ̀mágbèsì tòótọ́: gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ nípa Ore, Ore kò fọhùn.

Àwọn ìlú mìíràn kò ṣe báyìí. Ní Asaba, níbi tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin ní oṣù kẹwàá ọdún 1967, àwọn tí ó kù jókòó síwájú ẹ̀rọ, wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí pẹ̀lú ẹnu ara wọn. Elizabeth Bird àti Fraser Ottanelli sì fi ẹ̀rí wọn kọ ìwé tí ó jáde ní 2017. Ní 2024, Kọ́lá Túbọ̀sún ṣe sinimá kan, Ebrohimie Road, nípa ilé tí Ṣóyínká gbé nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní àkókò ogun yẹn. Ilé kan péré! Bí ilé kan ní Ìbàdàn bá tó fi ṣe sinimá, ṣé odidi Ore ni kò tó?

A mọ ohun tí wọn yóò sọ. Wọn yóò ní kí a má ṣe tú egbò tí ó ti jinná, nítorí pé ní ọjà Ore lónìí, ará Ìkálẹ̀, ará Oǹdó, ọmọ Igbo àti Urhobo ni ó jókòó ti ara wọn. A dáhùn pé egbò tí a fi aṣọ bò kọ́ ni egbò tí ó jinná. Ọmọ Igbo tí ó ń ta àpò sìmẹ́ńtì ní ìkóríta ní ìtàn tirẹ̀ nípa ọdún yẹn, a sì fẹ́ kí a gbọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo. Ẹ̀fẹ̀ ni ó ń bí ọ̀tá, nítorí pé ẹni tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ ń gbọ́ ọ, ó sì ń dákẹ́. Wọn yóò tún ní WAEC kò béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni, kò béèrè. WAEC kò béèrè orúkọ ìyá ẹni pẹ̀lú, síbẹ̀ a ń kọ́ ọmọ ní i.

Kò sí àyè láti fi ọ̀rọ̀ yìí jáfara. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 10 ní 1967 ti lé ní 65 báyìí. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 25, tí ó ti ní ìyàwó, tí ó ti ń ṣòwò, tí ó mọ ẹni tí ó ń ta kí ni ní ìkóríta, ti lé ní 80. Ìsìnkú wọn ni a ń lọ jẹun ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. A ń ka ìtàn ìgbésí ayé òkú nínú ìwé ìsìn: ó ṣe alága ẹgbẹ́, ó ra àga fún ìjọ, ó bí ọmọ mélòó kan, ọdún 1967 kì í sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí a ń béèrè kò ga. Kí olùkọ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ bá àgbà kan nínú ilé rẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọ̀kan di fóònù mú, kí èkejì béèrè. Kí wọ́n béèrè ohun kékeré ṣáájú ohun ńlá: kín ni ẹ ń sè nígbà tí ẹ gbọ́ ìró? Ìhà ibo ni ó ti wá? Báwo ni ó ti dún? Bí baba bá sọ èdè Ìkálẹ̀, kí a má ṣe sọ ọ́ di Yorùbá ìwé; bí ìyá bá dákẹ́, kí ọmọ má ṣe yára fi ìbéèrè mìíràn bo ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà, nítorí pé àwọn tí wọ́n ń kọ eré rédíò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gba ìró ọjà, ìró ẹ̀rọ ìlagi, ìró ọkọ̀ tí ń kọjá lọ sí Benin, kí ẹni tí yóò gbọ́ ọ lọ́jọ́ iwájú lè mọ ibi tí ó wà. Kí a tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì, ọ̀kan nínú ilé-ìwé, ọ̀kan nínú àpótí ìjọ níbi tí a ń kó ìwé ìrìbọmi sí. Lára irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni a lè ti rí eré rédíò tí àwọn ọmọ fúnra wọn yóò kọ, bóyá sinimá pẹ̀lú bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe bá dìde láàárín wọn.

Ọ̀gá ilé-ìwé kan bi wá pé níbo ni owó rẹ̀ yóò ti wá. Ní ìparí sáà tí ó kọjá, ilé-ìwé náà rán aṣọ ẹgbẹ́jọdá fún gbogbo olùkọ́ rẹ̀, ó sì gba àwọn onílù láti Òndó. Káàdì fóònù tí yóò gba ọ̀rọ̀ àgbà 20 kò tó owó aṣọ olùkọ́ kan, àwọn àgbà náà kò sì ní gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Obì ni wọn yóò béèrè, àti pé kí a tètè wá.